Ẹnjiníà Méjì àti Pèpéle Ọdún San Telmo

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, ọjọ́ ọdún San Telmo, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀, pèpéle tí a kàn sí pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n wó lulẹ̀. Ó gbé obìnrin akọrin méjìlá lọ, àti àga mẹ́rin, àti odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun kan tí Fada kò tíì gbàdúrà sí. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn ajá ló kọ́kọ́ dé ibi ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹjọ́ rẹ̀ dé ààfin lánàá. A kò ní ààfin ní San Telmo Ilaya. Gbọ̀ngàn àdúgbò tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní igun mẹ́ta ni ààfin wa. Kapitana Lumen Dadivas ni olóyè ibẹ̀, àgbà onílàjà márùn-ún sì ni ìgbìmọ̀ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ̀ngàn wa ti kú láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá èṣí.

Olùpẹ̀jọ́ ni Ẹnjiníà Teodulo Gumban, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ń kọ́ afárá àti ilé. Olùjẹ́jọ́ ni Jerwin Palabrica, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń jókòó nílé ìyá rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan lókè òkun. Ìyá rẹ̀, Nang Letty, jókòó tì í, ó di àpò rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, Nong là ń pe ọkùnrin tó jù wá lọ, Nang là ń pe obìnrin, Toto là ń pe ọmọkùnrin.

"Nong Dulo, ẹ rojọ́ yín," Kapitana wí fún Ẹnjiníà Gumban.

"Kap, wọ́n jí orúkọ mi."

"Ta ló jí i?"

"Ọmọ yìí àti ìyá rẹ̀! Lóṣù kejì, wọ́n gbé tapólì, aṣọ ìkéde ńlá, kọ́ sí iwájú ilé wọn, ojú rẹ̀ tóbi níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn: 'Ẹnjiníà Jerwin, a kí ọ kú oríire!' Kap, ẹni tó bá yege ìdánwò ìjọba là ń gbé irú tapólì bẹ́ẹ̀ kọ́ fún. Ìdánwò wo ló ṣe? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni èmi ṣe é! Oṣù kọkànlá 1989, mo kùnà. Oṣù karùn-ún 1990, mo kùnà…"

"Nong Dulo, a ti mọ̀."

"Oṣù kọkànlá 1990, máàkì méjì péré ló kù…"

"A ti mọ̀, Nong. Ẹ sọ ọ́ níbi ìsìnkú bàbá mi pàápàá."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kapitana fọwọ́ lu tábìlì.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Kó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀. N kò ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n kò ní ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ní níwájú orúkọ mi. Láti ọjọ́ tí pèpéle ti wó, gbogbo ọjà ló ń wí pé Ẹnjiníà ló fọwọ́ sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago láti ìlú Bacolod pé ṣé lóòótọ́ ni mo pa ẹlẹ́dẹ̀!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ti kú tẹ́lẹ̀," Nong Ising wí. Òun ló dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀.

Kapitana yíjú sí Jerwin.

"Toto, ta ló sọ ọ́ di ẹnjiníà?"

"Ilé iṣẹ́ mi ni, Kap. Ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́ kí wọ́n máa pe iṣẹ́ rẹ?"

"Kap, ohunkóhun tí yóò bá jẹ́ kí n sinmi. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ní áí-tí ni mí. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méje wá bá mi, fáànù méjì, àti ìkòkò ìrẹsì oníná Nang Virgie."

"Kò sì tún un ṣe!" Nang Virgie pariwo láti ẹ̀yìn.

"Nang, èkúté ló wà nínú rẹ̀! Mo wá ní dẹfẹ́lọ́pà ni mí. Nong Berto fa okùn dé, ó ní kí n wá wọn ilẹ̀ òun, kí n kọ́ ogún ilé síbẹ̀. Mo ní púrógírámà ni mí. Wọ́n ní kí n wá to ètò ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Nanay, ìyá mi, ti gbé tapólì ẹnjiníà kọ́, Kap, oṣù méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n! N kò jí orúkọ Nong Dulo. Mo kàn fi dí ilẹ̀kùn ni."

"Ẹ gbọ́ o! Ó fi mí dí ilẹ̀kùn!" Ẹnjiníà Gumban ti dìde.

"Ẹ jókòó, Nong."

Nang Letty ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kap, èmi ni mo gbé e kọ́, kì í ṣe ọmọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi fi ru sìmẹ́ǹtì fún àwọn ẹnjiníà. Ó máa ń wí pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò ti inú ilé wa jáde. Ó kú lọ́jọ́ kẹta oṣù kíní. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ kọkàndínlógún."

Ẹnjiníà Gumban wo ilẹ̀. Kapitana pe ẹlẹ́rìí. Nong Pabling káfíńtà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo kan pèpéle, Kap. Mo sì pe Ẹnjiníà kó wá wò ó."

"Ẹnjiníà wo?"

"Èyí tó wà nítòsí."

"Ilé Nong Dulo ló fara kan pápá."

"Èyí tó kéré, Kap."

"Báwo ló ṣe wò ó?"

"Lọ́jọ́ Ajé ni. Ó gun orí rẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, 'Ó dára, ẹ jẹ́ kó lọ. Bó bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe tó bá yá.'"

"Irọ́ ńlá!" Nang Virgie ti dé iwájú, òun ni olórí àwọn akọrin. "Kò gùn ún rárá! Ó dúró lójú fèrèsé ìyá rẹ̀, ó ń mu kọfí, ó kàn na àtàǹpàkò sókè. Ọjọ́rú ni!"

"Ọjọ́rú wo? Lọ́jọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, n kò tíì ri òpó kan!"

"Ẹ gbọ́! Ó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ri òpó!"

"Nang, ẹnu yín yìí…"

"Toto," Kapitana wí, "sọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

"Mo gùn ún, Kap. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fò. Ó gbà mí."

"Kílò mélòó ni ọ́?"

"Méjìléláàádọ́ta."

"Obìnrin méjìlá ńkọ́?"

"N kò fi àwọn akọrin dán an wò. Lórí tèmi, ó ṣiṣẹ́."

"O wá ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn tó bá wó?"

"Bí a ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn, Kap. A ó gbé e jáde ná. Bó bá wó lónìí, a ó gbé e dìde lọ́la. Kì í sí ènìyàn lórí rẹ̀."

"Èmi wà lórí rẹ̀!" Nang Virgie lu àyà. "Èmi gan-an, Toto, pẹ̀lú bàtà tuntun!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀. Kapitana tún pe káfíńtà padà.

"Pabling, kí ló dé tí o kò pe Nong Dulo?"

"Kap, tí mo bá pè é, yóò ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ló mú mi tú àtẹ̀gùn ilé ìwé. Ọmọ yìí kì í sọ pé rárá."

"Nítorí náà, o mọ èyí tó jẹ́ ẹnjiníà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Kap. Ìdí tí n kò fi pè é nìyẹn."

Nong Ising wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè: "Dulo, fèrèsé rẹ kọjú sí pápá. Ṣé o rí pèpéle náà?"

"Mo rí i."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé, aago méjì ọ̀sán. Òpó kẹrin kò wọlẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Mo ṣírò rẹ̀. Akọrin méjìlá, ọgọ́rin kílò lọ́kọ̀ọ̀kan…"

"Ọgọ́rin kílò ta ni?" Àwọn akọrin dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"…kò lè gbé wọn parí orin mẹ́ta."

"Orin mélòó ni wọ́n kọ?" Kapitana bi mí.

Mo ṣí ìwé mi. "Méjì ààbọ̀, Kap."

"Nong Dulo, kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

"Wọn ò pè mí. Wọ́n ti ní Ẹnjiníà."

Kapitana àti ìgbìmọ̀ forí korí. Wọ́n jẹ bisikíìtì agolo kan tán kí Kapitana tó dájọ́.

"Ẹ gbọ́. Orúkọ ẹnjiníà kì í ṣe aṣọ àwọ̀ṣeré, ẹrù ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Pabling yóò tún pèpéle kàn. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ́ ẹnjiníà ní San Telmo Ilaya yóò dúró sábẹ́ rẹ̀, àwọn akọrin yóò sì máa kọrin, wọn yóò máa jó lórí rẹ̀, odindi orin mọ́kànlá."

"Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo wọn òpó," Ẹnjiníà Gumban wí, "màá gbé àga síbẹ̀ jókòó."

Jerwin wo àwọn akọrin láti orí dé ẹsẹ̀.

"Nang Virgie, ẹ jọ̀ọ́, kílò mélòó ni yín?"

"Lọ bi ìyá rẹ!"

Ọmọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kap, ẹ yọ orúkọ náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Bó bá wó, orí ẹnikẹ́ni kì í fọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà. Ẹ máa pè mí ní púrógírámà."

"Ó dára. Nang Letty, ẹ ó gé ọ̀rọ̀ kan kúrò lára tapólì. Ojú ọmọ yín lè wà níbẹ̀. Nong Dulo, ẹ rí òpó, ẹ sì pa ẹnu mọ́. Nítorí náà ẹ ó pa ẹnu mọ́ lórí ìdánwò yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di Kérésìmesì."

"Kap! Máàkì méjì yẹn nìkan ńkọ́?"

"Àti máàkì méjì. Pabling, ẹlẹ́dẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ. Ó ku ìwọ, Toto Púrógírámà."

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ̀ngàn tó ti kú.

"Kap, ẹ ṣàánú mi."

"Ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà, kí ni yóò fi dí ilẹ̀kùn?"

Láàárọ̀ yìí, Nang Letty gun àkàbà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí. Ẹnjiníà Gumban ló di àkàbà mú, lẹ́yìn tó ti mì í wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Nang Letty gé ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó ká a, ó fi í sínú àpò rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ibojì ọkọ rẹ̀ pọ̀n. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tíì tẹ̀wé. Jerwin ní lórí kọ̀ǹpútà tòun, ó ṣiṣẹ́.

Ohun tí San Telmo Ilaya pàdánù ni odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun kan, àga mẹ́rin, àti ọ̀rọ̀ kan lára tapólì.