Ojú Ìyá Ìwàlọlá Lára Ògiri

Ní New Bell, ní Douala, Adéjùmọ̀kẹ́ onídìrí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìwàlọlá, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ṣẹ̀rífù, ayàwòrán tó ń pe ara rẹ̀ ní Àtíìsì, ti ń ya ojú rẹ̀ sára ògiri láti àárọ̀. Ó ya irun, ó ya ojú, ó ya imú, ọ̀dà sì tán.

"Ṣẹ̀rífù, ẹnu mi dà?"

"Ẹnu ń bọ̀, mà. Ọ̀dà ló dalẹ̀."

"Ta ló ra ọ̀dà?"

"Èmi náà ni. Agolo kan ló ya àwòrán ara ilẹ̀kùn yín àtijọ́ tán. Ẹ ní kí n sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí n sọ fífẹ̀ rẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Mo ra agolo méjì. Ìṣirò wo ló tún rọrùn ju ìyẹn lọ?"

"Ó wá ku ìdajì ògiri."

"Ògiri yín ló ń mu ọ̀dà. Ẹ fún mi ní ìborùn yín, kí n fi hàn yín."

Ó ṣẹ́ ìborùn po sí méjì, ó tún un ṣẹ́ po.

"Àwòrán àtijọ́ nìyí: agolo kan. Mo wá fẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: agolo méjì. Ó tán."

"Gíga ńkọ́?"

"Gíga náà nìyí, mo ṣí i sísàlẹ̀..."

Ó ń fi ìka ka àwọn ojú tí ìṣẹ́po pín ìborùn sí.

"Mélòó ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kà láti apá ibí."

Ó yí ìborùn po.

"Mẹ́rin náà ni láti apá ibí."

"Àtíìsì."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, mà. Ìyá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo ní orí mi ti pé ju abẹ́rẹ́ lọ."

"Sáré lọ ra méjì tó kù."

"Ọlọ́dà ti ti ilẹ̀kùn, ó ti lọ kírun."

"Sandra tó ń dirun ní ọ̀ọ́kán sì ti ń fi fóònù ya ògiri mi. Wọ́n á ní odi ló wá dirun ládùúgbò. Ouverture tí mo fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ti di ẹ̀sín."

"Pardon, mà. Ṣebí irun lẹ̀ ń dì, ẹ ò ta ẹnu."

"Ẹnu ni mo fi ń pe onírun."

Àwọn oníbàárà yọ ní kọ̀rọ̀. Ìyá Ìwàlọlá wọ́ àpótí ayàwòrán, ó gùn ún, ó fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ imú ńlá náà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, mà?"

"Mò ń parí iṣẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti fẹ́ mi ló ti ń sọ pé ẹnu mi nìkan tó ògiri kan. Òní la máa mọ̀."