Ọta Tó Ti Rẹ̀ Kó Tó Débẹ̀

Ẹjọ́ kan dé ààfin wa lánàá. Ààfin náà ni àgọ́ ọdẹ onípáànù tó wà létí odò ní Àlàbámà, ọba ibẹ̀ ni Bàbá Verlon, orí àga tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù ló sì gúnwà sí. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá yìnbọn fún àgbọ̀nrín tí kò bà á, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri.

Hoyt ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ouida ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti búra pé bí òwú kan bá já níbẹ̀, kí Hoyt máa sùn lọ́dọ̀ ajá.

Delbert, ẹ̀gbọ́n Ouida, ló pẹjọ́. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ó tàsé. Àgbọ̀nrín tó tóbi tó màlúù! Ẹ jẹ́ kí n gé e."

"Èmi kọ́ ni mo tàsé," Hoyt ní, "ọta ni. Ẹ ṣáà mọ ọta ìbọn tọ́tì-tọ́tì tá à ń lò: kò lágbára púpọ̀, kò sì ya ọ̀lẹ. Tó bá rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ara rẹ̀ ṣì le. Tó bá fi máa di igba, ó ti rẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Abẹ́ ikùn ẹran ló gbà kọjá."

"Purvis, ìwọ lo wà pẹ̀lú ẹ," Bàbá Verlon ní. "Báwo ni ẹran náà ṣe jìnnà tó?"

"Igba ìṣísẹ̀ kẹ̀? Kò ju ogún lọ, Bàbá. Mò ń gbọ́ bí ẹran náà ṣe ń jẹun."

Loyce, tóun náà bá wọn lọ, fò dìde. "Irọ́! Ogún wo? Ẹran náà sún mọ́ ọn débi pé ó ń gbóòórùn ẹnu ìbọn!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ò ti Hoyt rárá.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹlẹ́rìí mi. Ìyẹn gan-an ló fà á! Mo ti gbé ìbọn sókè, mo rò pé ọta máa wálẹ̀. Àyè wo ló fẹ́ rí wálẹ̀ sí? Orí ẹran ló gbà lọ."

"O ní abẹ́ ikùn lẹ́ẹ̀kan!" Delbert ké.

"Ìgbà yẹn, ó ṣì jìnnà!"

Bàbá Verlon jẹ búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀ tán, ó nu irùngbọ̀n. "Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ lọ fi kọ́ igi tó wà ní igba ìṣísẹ̀ lọ́hùn-ún. Hoyt, ìwọ fúnra ẹ ni kó o yìnbọn fún un. Bó o bá tàsé, ṣẹ́ẹ̀tì di tìẹ. Bó o bá bà á, a óò gé e."

Inú Hoyt dùn ṣìnkìn. Kó tàsé? Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn. Ó bọ́ṣọ, ó dúró sínú òtútù, ó fojú sun òkè kọ́là dáadáa, kí ọta lè gba orí aṣọ kọjá. Ó yìn ín.

Ọta lọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó wálẹ̀, ó sì dá àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà lu.



"Bàbá, òkè aṣọ ló dojú ìbọn kọ," Purvis ní. "Mo rí i."

Bàbá Verlon mi orí. "Òótọ́ ni Hoyt sọ! Ọta yìí máa ń wálẹ̀ lóòótọ́. Mo dá a láre. Delbert, gbé àlùmọ́gàjí ẹ pa mọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì olódodo."

Hoyt na ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń wo Delbert láti inú ihò náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gé e. Ẹ gé e dé ọrùn! Kí n ṣáà lè sọ fún àbúrò yín pé ẹ̀yin ni."