Alága Ẹ-Wò-Mí àti Bọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọ Adití

Níbi tí kámẹ́rà bá ti yọjú, tí eyín sì yọ tẹ̀lé e, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, Alága ló dé. Alága Ẹ-Wò-Mí! A-fọwọ́-ọ̀tún-tọrẹ-fọwọ́-òsì-gbà-á! Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama kan, ẹgbẹ́ tó ń ran ilé-ìwé àwọn adití tó wà ládùúgbò wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ra àga fún àwọn ọmọ, orúkọ tirẹ̀ ló kọ sẹ́yìn gbogbo àga. Bí ọmọ bá jókòó, ẹ̀yìn ọmọ a bo orúkọ náà, ó sì máa ń dun Alága wọra.

Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́ọ̀sì ni wọ́n dáwó rà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Títì ńlá ló wà níwájú ilé-ìwé. Awakọ̀ a máa fọn fèrè, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Mọ́tò ti kọ lu ọmọbìnrin kan níbẹ̀, títí dòní ló ń tiro.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fa bọ́ọ̀sì lé ilé-ìwé lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn wọn, Alága pe oníkámẹ́rà.

"Ojú mi ni kó o gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ràbàtà ara ògiri yẹn. Má gbé e kúrò o!"

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Àwọn ọmọ mọ ojú ara wọn."

Bí ojú Alága ṣe gba ògiri kan tán nìyẹn. Ètè rẹ̀ nìkan tó ilẹ̀kùn.

Bí ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń dúpẹ́ lórí maíìkì, Alága tẹ̀ sétí akápò ẹgbẹ́.

"Jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò tán. Ilé búrẹ́dì mi ni bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ."

"Ẹ rọra o, Alága. Ògiri létí."

"Ògiri lè létí, àwọn wọ̀nyí ò ní. Kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn! Ṣebí etí ló dí, ẹsẹ̀ ò dí."

Ẹ wo ọ̀mọ̀ràn! Látọjọ́ tó ti ń ṣe alága, kò mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ti kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa ka ètè. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń hàn létè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ètè tó tó ilẹ̀kùn kò lè fi nǹkan kan pamọ́.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ìjókòó dé ìjókòó. Alága rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ló bá dìde, ó ń juwọ́ sí wọn.

Ọmọbìnrin tó ń tiro bọ́ síwájú. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì ń sọ ọ́ sínú maíìkì, kò dín, kò lé: "Alága ní ilé búrẹ́dì òun ni bọ́ọ̀sì wa ń lọ. Ó ní etí wa ló dí, ẹsẹ̀ wa ò dí."

Alága figbe ta.

"Irọ́ ni! Ta ló gbọ́ mi?"

Akápò ti ń sún àga rẹ̀ jìnnà. "Alága, èmi gbọ́."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ké láti ẹ̀yìn pé, "Alága, ẹ tètè pa ẹnu yín dé, ó ṣì wà lára ògiri!"

Ojú tì í, inú sì bí i, ló bá sáré jáde lọ gba bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ti ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ń fọwọ́ gbá fèrèsé. "Ẹ bọ́ sílẹ̀! Èmi ni mo ni ín!"

Ọmọbìnrin náà wo ètè rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dijú. Àwọn tó kù rí i, gbogbo wọn náà dijú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan ló la tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ.