Obadiah Àlàbá, Agbọ́-Gẹ̀ẹ́sì-Bí-Ẹni-Gbọ́-Òjò

Bí ẹ bá pàdé Obadiah Àlàbá ní Ìkirè ní ọdún kejì tí ogun Hítílà parí, tí ẹ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o," ẹ ó dúró títí ẹsẹ̀ yín yóò fi wú. Kò ní dá yín lóhùn. Yóò gbójú sókè bí ẹni ń wá òṣùpá lọ́sàn-án, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àfi kí ẹ ní, "Gúdú mọ́nìn, sà." Ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ènìyàn mìíràn ń bẹ láyé.

Ó ti bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe, á ní, "Kò sí ohun tí òyìnbó ń wọ̀ sọ́rùn tí kò gba ọwọ́ mi kọjá." Òótọ́ ni. Òun ló ń lọ aṣọ.

Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó fi gírámáfóònù kan àti àwo mẹ́fà ta á lọ́rẹ. Ìyàwó òyìnbó yìí kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ilẹ̀ òyìnbó mìíràn ni wọ́n ti bí i, àwo wọ̀nyí ló sì fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin inú àwo á béèrè ọ̀rọ̀, á dákẹ́ díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fèsì, obìnrin kan á wá sọ èsì tó tọ́. Obadiah gbọ́ àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí ó fi há wọn sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtumọ̀ wọn nìkan ni kò yọ ọ́ lẹ́nu.

Bó ṣe dé Ìkirè ló dá kíláàsì sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó sì fún ara rẹ̀ ní oríkì: Agbọ́-Gẹ̀ẹ́sì-bí-ẹni-gbọ́-òjò. Oríkì náà bá a mu wẹ́kú. Gbogbo wa la ń gbọ́ òjò. Ta ló mọ ohun tí òjò ń wí? Àwọn ará ìlú ní awo ni Obadiah nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò mọ̀ pé àwo ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó gbé iṣu wá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó mú adìyẹ wá á jókòó sórí àga, ẹni tó fa ewúrẹ́ wá ni wọ́n ń jẹ́ kó jókòó ti gírámáfóònù. Nígbà tí gbogbo wọn bá tò tán, Obadiah á yí ọwọ́ ẹ̀rọ.

"Wíà ìsì di stéṣọ̀n?" ni àwo á béèrè. Ibi tí rélùwéè ń dúró sí ló ń wá.

"Ọ́n di lẹ́fútù, nía di pósí-ọ́fíìsì!" ni Obadiah á dáhùn kí obìnrin inú àwo tó lanu. Ilé á hó yèè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò hó. Adéfúnkẹ́ ni, opó kan tó ní oko kòkó ní Àpòmù, tó ń fẹsẹ̀ rìn wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí ni ọkùnrin yẹn béèrè?"

"Gẹ̀ẹ́sì ló béèrè."

"Mo mọ̀, sà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Obadiah wú ikọ́. "Obìnrin yìí, ẹni ń lá oyin kì í bi oyin léèrè orúkọ òdòdó. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ kò tíì ṣetán láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yá, máa lọ sílé."

Adéfúnkẹ́ lọ sílé. Iṣu rẹ̀ kò bá a lọ.

Kò pẹ́ tí Obadiah gbọ́ pé obìnrin náà ti di akẹ́kọ̀ọ́ Míìsì Edith, tíṣà ilé ìwé ìjọ ní Àpòmù. Wọ́n ní ìtàn kékeré kan ni Míìsì ń kà sí i létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní, á dijú gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, á mú àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, á sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ibi tó ti ṣe é, àti ìdí tó fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ṣí ìwé kà á. Oṣù kẹta rèé, orí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan àti ẹṣin rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

Obadiah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta lórí ẹṣin kan! Èmi tí mo gbé àwo mẹ́fà mì!"

Ọdún náà ni àrùn kòkó wọ̀lú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri kọ́ọ̀tù Àpòmù, Gẹ̀ẹ́sì sì ni látòkè délẹ̀. Adéfúnkẹ́ kà á, ìlàjì ló yé e, ó ní òun ò ní fi ìlàjì ọ̀rọ̀ da ìlú rú. Míìsì Edith sì ti lọ fún ìsinmi. Ni Bàbá Ṣàngótúndé, olórí àwọn àgbẹ̀ kòkó, bá ru iṣu, ó lọ pe Obadiah ní Ìkirè.

Obadiah wọ kóòtù onírun, ó de táì, ó dúró níwájú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló dá mọ̀ níbẹ̀: kòkó, Àpòmù, Tọ́sìdeè. Ìyókù dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú eérú. Ó mi orí.

"Ó burú, bàbá."

"Kí ló wí?"

"Òyìnbó ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè. Gbogbo igi kòkó láti Àpòmù títí dé Orílẹ̀-Òwu ni yóò gé. Bó ṣàìsàn, bí kò ṣàìsàn."

Bàbá káwọ́ lérí. "Oko tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ fi ogún ọdún gbìn? Kí la ó wá máa jẹ?"

"Àfi ẹni tó bá ní alágbàwí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Ẹ gbà wá, ọ̀gá."

"Èmi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín," ni Obadiah wí, ohùn rẹ̀ dùn bí àádùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ a máa gbẹ ọ̀fun. Oko yín ọ̀nà Ìkòyí yẹn, mo gbọ́ pé ibẹ̀ tutù. Ibẹ̀ ni ọ̀fun mi lè ti gbádùn."

Ojú Bàbá pọ́n. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó fi Ṣàngó búra pé bí Obadiah bá bá òun bẹ òyìnbó tó gbà, oko ọ̀nà Ìkòyí di tirẹ̀.

Ètò Obadiah gún régé. Ó mọ̀ pé òyìnbó kì í rìn láìmú ògbufọ̀ tirẹ̀ dání. Ògbufọ̀ á sọ̀rọ̀, òun á máa mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́; ohun rere tó bá jáde níbẹ̀, òun á ní ẹ̀bẹ̀ òun ló ṣe é. Ó ti ń ro ibi tí yóò kọ́ ahéré sí.

Tọ́sìdeè pé. Gbogbo àgbẹ̀ péjọ síwájú kọ́ọ̀tù. Òyìnbó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun àti dírẹ́bà nìkan. Ibà ti dá ògbufọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí Ìbàdàn. Obadiah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Kò séwu," ni Bàbá wí, ó ti Obadiah síwájú. "A ní tiwa."

Òyìnbó nawọ́ sí i. Ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni àwọn igi tó ń ṣàìsàn wà. Obadiah gbọ́ "wíà," ọkàn rẹ̀ fò fún ayọ̀. Àwo kìíní nìyí!

"Ọ́n di lẹ́fútù, nía di pósí-ọ́fíìsì!"

Òyìnbó wo apá òsì. Ògiri ló rí, àti ewúrẹ́ kan tó sùn.

"Kí ló wí?" ni àwọn ènìyàn ń béèrè.

"Inú ń bí i. Ṣùgbọ́n mo ti ń rọ̀ ọ́."

Òyìnbó tún sọ̀rọ̀ gígùn kan, ó ní kó sọ fún wọn pé igi tó bá wú nìkan ni wọn yóò gé. Obadiah tẹríba. "Tú kọ́pù ọfù tíì, pílíìsì."

Òyìnbó lanu, kò lè pa á dé. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ tíì? Obadiah ti yíjú sí àwọn ènìyàn: "Ó ní gbogbo kòkó yín lòun ó gé, àfi ti Bàbá Ṣàngótúndé, nítorí èmi!"

Igbe ta. Àwọn àgbàlagbà ń sunkún bí ọmọdé. Bàbá gan-an kò láyọ̀. Ta ló fẹ́ jẹun láàárín ìlú tí ebi ń pa? Ni Adéfúnkẹ́ bá dìde, ó rìn bọ́ síwájú òyìnbó.

"Pílíìsì, sà. Sé ìt àgéènì. Sílóò." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí, díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni Obadiah pariwo. "Ó ń jẹ́wọ́ fún òyìnbó pé òun ò gbọ́!"

Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un wí. Adéfúnkẹ́ dijú. Ó ní kó tún un wí sí i. Ó tún un wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò yé e, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Òyìnbó fa ẹ̀ka kòkó kan yọ nínú àpò, ó fi ìka kan ibi tó wú lára rẹ̀.

"Ó wú!" ni Adéfúnkẹ́ kígbe. Ó yíjú sí àwọn ará ìlú rẹ̀. "Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá wú báyìí nìkan ni wọ́n máa gé. Èyí tí kò wú, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tí wọ́n bá sì gé tirẹ̀, wọ́n á fún un ní ọmọ kòkó tuntun láti gbìn, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Gbogbo wa?" ni Bàbá béèrè.

"Gbogbo wa, bàbá. Ohun tó wà lára ògiri náà nìyẹn."

Gbogbo ojú lọ sára Obadiah. Òyìnbó náà wò ó, láti táì dé bàtà, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀: "Dú yú ọ́ńdásítáǹdì Ǹgẹ́lísì?"

Dú yú! Ọpọlọ Obadiah sáré kọjá àwo kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó bá a ní àwo kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń fi àkàrà òyìnbó lọ àlejò. Ó fa kóòtù rẹ̀ gún, ó tẹríba bí ọmọ ọba.

"Nó, tánkì yú!"

Àwọn tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ dáadáa, wọ́n ń béèrè. Adéfúnkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ kí ògbufọ̀ rere ṣe é.

"Òyìnbó ní ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní rárá, ẹ ṣeun."

Ẹ̀rín náà, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ ya lọ sí Ìkirè, kálukú ń fa ewúrẹ́ tó fi sanwó kíláàsì jáde nílé Obadiah. Bàbá Ṣàngótúndé ní tòun yàtọ̀. Ó ní orí òun ni iṣu òun bá dé Ìkirè, orí ẹlòmíràn ni yóò bá padà. Báyìí ni Obadiah ṣe ru iṣu láàárín ọ̀sán gangan, kóòtù onírun lọ́rùn, tí Bàbá ń rìn níwájú, tó káwọ́ sẹ́yìn, títí wọ́n fi gba inú ọjà Àpòmù kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Bàbá, kò sẹ́ni tó bá a sọ ẹrù. Bàbá jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹun. Obadiah dúró nínú oòrùn, ọrùn rẹ̀ ń wọ inú èjìká lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni ó wí nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ foríjì mí. Ẹ bá mi sọ̀ ọ́."

Bàbá Ṣàngótúndé jẹ òkèlè tó kẹ́yìn. Ó fọwọ́, ó nù ún, ó sì dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣu ló kọ́kọ́ délẹ̀. Obadiah tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo Àpòmù.