Obìnrin Tí Mo Dá Dúró Sínú Òjò

"Bbosa, ní kí obìnrin yẹn wọlé."

Ohun tí Jájà, bàbá tó bí bàbá mi, bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, lẹ́nu ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Masaka. Inú ìtàn tí mò ń kọ ni obìnrin náà wà. Ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ la jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jájà jókòó lórí ẹní, wọ́n ń wúkọ́. Èmi wà nínú ọpọ́n onígi, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n pẹ̀lú koríko, kí omi rẹ̀ lè jáde fún ọtí.

Jájà bi mí pé, "Obìnrin tí òjò ká mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, ṣé ó ti wọlé?"

"Rárá, Jájà. Ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn."

"Láti ọdún Àjíǹde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì pọn ọ́n."

"Ọmọ yẹn á ti hu eyín. Kí ló dé tó ò ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Tí mo bá jí, mo máa ń ka ti àná. Tí mo bá ti kà á, ojú á tì mí. Mo máa fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí òjò."

"Háà! Òjò lò ń kọ, kì í ṣe ìtàn."

"Ẹ̀mí ìwé kíkọ ni kò tíì gbé mi, Jájà. Mò ń dúró dè é."

"Ṣé ẹ̀mí ló gbé ẹ wọnú ọpọ́n láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o. Ọ̀pá yín ni."

"Ẹn-hẹ́n. Tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo lóṣòó, mo ti ìka bọ omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo lá a.

"Kí lò ń lá?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bó ti dùn tó."

"Koríko àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ló ṣì wà níbẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ṣí kòtò tí mo ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí lọ́jọ́sí, láràárọ̀, pé òun ń wò ó bóyá ó ti pọ́n?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ooru jáde. Kí la bá níbẹ̀?"

"Apá kan rọ̀, apá kan le bí òkúta."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ gan-an ò jẹ ẹ́ tán. Ìtàn rẹ náà nìyẹn. Bó o bá kọ ọ́ láàárọ̀, bò ó. Tílẹ̀ bá mọ́, máa kọ ọ́ lọ níbi tó o dé. Má ṣí ẹ̀yìn wò."

"Bó bá burú ńkọ́?"

"Jẹ́ kó burú dé òpin. Ọtí tó bá ti di ọtí la lè sọ pé kò dáa."

"Ìgbà wo gan-an ni kí n máa kọ ọ́?"

"Kó o tó bọ́jú."

"Pẹ̀lú ìpin lójú?"

"Ìpin dára fún òǹkọ̀wé. Kò ní jẹ́ kó o rí àṣìṣe."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo jókòó gbì sínú ọpọ́n. Jájà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ikọ́ náà pẹ́. Nígbà tó dá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, Bbosa. Kí ló ń wá nínú òjò pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ti ọsibítù dé."

"Tí n kò bá dé ńkọ́?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́. Dáhùn."

"Èmi gan-an ò mọ̀, Jájà. Mi ò tíì kọ débẹ̀."

"O bí ọmọ, o ò mọ ohun tó ń wá kiri. Bó ṣe rí fún èmi àti bàbá rẹ nìyẹn."

Jájà ò padà dé. A sin wọ́n sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Ilẹ̀ mọ́, mo kọ̀wé, mi ò bọ́jú. Mo ṣílẹ̀kùn fún obìnrin náà. Ó wọlé, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó fún omi ara aṣọ rẹ̀ dànù. Mo bi í pé kí ló ń wá.

Ó ní, "Bàbá tó ni ilé yìí ni mo wá kí. Ṣé wọ́n ti jí?"

Mo bo ìwé. Mo mú ọ̀bẹ, mo wọ inú oko, mo ń gé ewé gbígbẹ kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀.