Bí Babúlíù Ṣe Tẹ́ Ọ̀nà

Bí ẹ bá pe Babúlíù ní orúkọ rẹ̀ lásán nílùú wa Kalénà, kò ní dáhùn. Bàbá Ọ̀nà ni kí ẹ pè é. Atẹ́nà-bí-ẹní, òkúta-gbóhùn-rẹ̀-ó-tò, ọlọ́lá tí aṣọ funfun rẹ̀ gùn débi pé ẹrú méjì ní í máa bá a gbé etí aṣọ náà.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìbaaka ni mò ń dà. Èmi ni mò ń kó òróró ólífì àwọn ará ìlú wa lọ sí Róòmù, ọ̀nà ìjọba kan ṣoṣo tó gba ìlú wa kọjá ni gbogbo wa fi ń jẹun. Nígbà tí odò wó ọ̀nà náà níbi tó ti gba etí rẹ̀ kọjá, Róòmù fi òkúta ránṣẹ́, wọ́n ní kí Babúlíù bójú tó iṣẹ́ náà.

Ó bójú tó o. Oko rẹ̀ wà níwájú odò, lápá Róòmù. Kò jẹ́ kí òkúta kan dé ibi tó bàjẹ́, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ gbọnrangandan láti ojú títì dé ẹnu ìfúntí òróró tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ń sáré lórí òkúta dídán. Tiwa ń rì sínú ẹrẹ̀. Ìkòkò òróró Ópíà, obìnrin opó, mọ́kànlá ló fọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà wa ní Róòmù sì ń lọ bá Babúlíù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nípàdé ìlú, Ópíà dìde, ó béèrè òkúta. Babúlíù rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá Ópíà, ẹ fara balẹ̀. Ta ló sọ pé ọ̀nà mi ni? Ọ̀nà Róòmù ni. Èmi kàn ń gbé ìdí rẹ̀ ni."

Ó tún ri òkúta gíga kan mọ́ oríta tí ọ̀nà rẹ̀ ti yà, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí i lára pé Babúlíù ló tẹ́ ọ̀nà yìí fún Róòmù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni balógun ọ̀rún kan tó ń jẹ́ Sálíénù kó ọgọ́rin nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé láti Róòmù. Ó ka ọ̀rọ̀ ara òkúta náà, ó wo ẹrẹ̀ níwájú, ó wo títì dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yà. Ilé Babúlíù ni wọ́n já sí, níbi tó ti ń ṣe àsè fún ìgbìmọ̀ ìlú. Àwa náà sáré tẹ̀lé wọn.

Babúlíù rò pé wọ́n wá kí òun ni. Nígbà tí Sálíénù bi í bóyá ọ̀nà ìjọba nìyí, orí rẹ̀ wú, ó ní òun gan-an ló tẹ́ ẹ.

"Ó dáa," ni balógun wí. "Ẹ ṣáà mọ òfin. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà ìjọba ló ń gba ọmọ ogun sílé, òun náà ló ń yá wọn ní ìbaaka. Ẹ̀yin ọmọ ogun, ẹ tú àwọn ìbaaka yẹn."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ sísun tí ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ kàn. Babúlíù rọ̀ mọ́ ìjánu ìbaaka kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ọ̀nà mi ni. Ọ̀nà oko mi lásán ni."

Ópíà ló sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. "Tó bá jẹ́ tiyín, òkúta tí Róòmù ní kẹ́ ẹ fi tún etí odò ṣe ńkọ́?"

Babúlíù ní ọ̀nà ìjọba ni. Sálíénù ní kí wọ́n kó ìbaaka. Babúlíù ní ọ̀nà òun ni. Sálíénù béèrè òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn ìgbìmọ̀ tó pè síbi àsè rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Atẹ́nà tẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun hú òkúta ọ̀nà oko náà, wọ́n sì kó o lọ sétí odò. Balógun ní kí Babúlíù fúnra rẹ̀ dúró nínú ẹrẹ̀, kó máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó bọ́ aṣọ ńlá sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ọrùn, gbogbo ìlú sì jókòó, wọ́n ń wò ó.

Oníyọ̀ kan tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tí kò mọ̀ ọ́n rí, dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rì. Ó yíjú sí Babúlíù.

"Lébìrà, wá bá mi ti kẹ̀kẹ́ yìí."

Babúlíù wò wá. Àwa náà wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èjìká sí i, ó sì tì í.