Láàpútọ́ọ̀pù Mi Láàárín Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ohun púpọ̀ ni mo ti gbàgbé láyé mi, títí kan orúkọ àwọn tí a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bó ti wù kí n dàgbà tó. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n bá mi níbi tí mo dojú bolẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ obì bàbá mi, tí mo ń fi ewé tútù tọ́jú láàpútọ́ọ̀pù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí.

Ìlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ní ilé ìwé aládàáni kékeré kan. Láàpútọ́ọ̀pù yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni mo sì fi ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́. N kì í gbá a nílé, nítorí iná ìjọba lágbègbè wa kì í jókòó pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń gbé e lọ. Àǹtí Mùlíkà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ní sólà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ni wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè máa lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló sì gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọn kì í sọ ọ́. Èmi náà kì í sábà rántí rẹ̀ nígbà náà, mo sì ń sọ èyí pẹ̀lú ìtìjú.

Olùkọ́ ìṣirò ilé ìwé wa, Délé, ọmọ Ìgbájọ, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ọlidé, ó sọ lójú àwọn olùkọ́ yòókù pé kò sí ọmọ Ìlá kan tó lè na òun nínú géèmù bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín kí n máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kó wá sí Ìlá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a gbá a lórí ẹ̀rọ tèmi, kí ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ kọ igba ebè iṣu sóko bàbá ẹni tó borí.

“Bí ẹ̀rọ rẹ bá kú lójú eré ńkọ́?” Délé bi mí.

“Bó bá kú, èmi ni mo fìdí rẹmi.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ́ á mọ̀ pé igba ebè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ ni mo sì fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀yìn ń dun Baba wa lọ́dún náà, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ti gé ebu iṣu sílẹ̀ nínú ahéré wọn lọ́nà Ọ̀rà, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, alágbàṣe kan láti Ìrèsì sì ti ṣèlérí pé òun á wá kọ ebè. Mo bá sọ fún Baba pé kí wọ́n ní kí ọkùnrin náà má wulẹ̀ wá mọ́, nítorí Délé á wá bá wọn kọ gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ó dá ọ lójú?” Baba bi mí.

“Ó dá mi lójú, Baba.”

Wọ́n gbà mí gbọ́, alágbàṣe náà sì gba oko ẹlòmíràn lọ. Bí n kò bá borí, ebu Baba á jẹrà sínú ahéré, kò sì ní sí iṣu lọ́dún náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ dánra wò. Mo gbé ẹ̀rọ mi síbi tó máa ń wà, lórí àpótí kékeré lábẹ́ tábìlì tí Àǹtí gbé ẹ̀rọ wífìn wọn sí, èyí tó ń gé etí aṣọ tó sì ń ká a kó má baà tú. Ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, àwọn agbábọ́ọ̀lù mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀. Bí mo bá ní kí ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ dúró, á rò ó, ìgbà tí ẹlòmíràn bá ti gba bọ́ọ̀lù lọ ni á tó nasẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà gbóná débi tí èèyàn lè fi lọ aṣọ.

“Ẹ̀rọ yẹn ń kùn jù,” Àǹtí sọ láti ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ.

“Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, Àǹtí. Kò lè yé yín.”

Wọ́n ń rán aṣọ wọn lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wo fídíò kan lórí fóònù, ẹni tó ṣe é ní kí n dín ẹwà géèmù kù kó lè yá. Mo dín in kù. Àwọn òǹwòran kọ́kọ́ pòórá ní pápá. Mo tún dín in kù, koríko di ọ̀dà àwọ̀ ewé. Mo dín in kù lẹ́ẹ̀kẹta, ojú, imú àti ẹnu gbogbo agbábọ́ọ̀lù mi parẹ́. Síbẹ̀, wọn ò sáré. Nígbà tí mo fẹ́ dá ojú wọn padà, n kò rí ibi tí wọ́n ti ń dá a padà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo rí áàpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣèlérí pé òun á sọ ẹ̀rọ di ọ̀tun. Mo gbà á wọlé, òun náà sì gba àwọn mẹ́ta mìíràn wọlé láìbi mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tan láàpútọ́ọ̀pù, mo lè wẹ̀, kí n jẹun, kí n tó bá a níbi tó ti ṣetán. Mo lo gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè láti lé wọn jáde, n kò sì rí gbogbo wọn lé.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni ọgbọ́n tó burú jù wá sí mi lọ́kàn. Inú obì ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ohun tí Baba sì máa ń sọ nípa obì ni pé kò fẹ́ ooru. Bó bá ti gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ewé gbòdògì tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó o sí yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé. Mo rò ó títí, mo rí i pé kò sí ibi tó tutù tó yàrá náà ní gbogbo Ìlá. Mo wọ́n omi sí ewé, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ méjì, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lé e, mo fi ewé mìíràn bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àyè ò sí láti jókòó, ni mo bá dojú bolẹ̀ pẹ̀lú páàdì tí mo fi ń gbá géèmù lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣiṣẹ́. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, àwọn aláìlójú mi sáré, mo gbá góòlù méjì wọlé, mo ń kí ara mi. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kòkòrò obì kan yọrí láàárín lẹ́tà méjì, ó wò mí, ó padà wọlé. Ni ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn pátápátá.

Àkókò yẹn gan-an ni Àǹtí, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún Baba, ṣílẹ̀kùn.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Àǹtí, ó gbóná ni. Mo ní kó tutù díẹ̀.”

Wọ́n wo ewé, wọ́n wo wáyà, wọ́n wò mí. “Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọ̀la,” wọ́n ní. “Kó obì Baba padà bó o ṣe bá a.”

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí Àǹtí tó lọ kírun, wọ́n máa ń tú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku òwú inú wọn, wọ́n á kán òróró sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, n kò rí i kí wọ́n fò ó rí, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọdún. Ìdí géèmù ni mo ti máa ń wò wọ́n, tí mo máa ń rò pé wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n fi láàpútọ́ọ̀pù mi ṣe ìkarùn-ún.

“Níbo ló ti ń mí?” wọ́n bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ ẹ̀rọ, mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde, mo da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àǹtí jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo gbọ́. Níbo ló ti ń mí?”

Mo nawọ́ sí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí i síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní kí èmi náà wò ó. Ó ti dí pa. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ wífìn, ibi tí gbogbo eruku aṣọ ti ń já bọ́, n kò sì ronú kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ní Bísímílà. Wọ́n tẹ́ àjákù aṣọ dúdú sórí tábìlì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ̀yìn láàpútọ́ọ̀pù náà sí i, súkúrù tí wọ́n bá sì tú, ojú ibi tó ti wá nínú àwòrán ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ìgbà kan tí èmi tú kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa, súkúrù mẹ́rin ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo dè é tán. Mo fi wọ́n pamọ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Àǹtí ò gbọ̀n, wọn ò kánjú, wọn ò fipá fa nǹkan kan. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo bí èèyàn ṣe ń mọṣẹ́.

Ohun tí wọ́n fi píìnì fà jáde lẹ́nu fáànù náà nípọn tó fìlà ọmọdé. Àwọ̀ lórí àwọ̀ ni: búlúù yúnífọ́ọ̀mù lókè, funfun léèsì Iléyá lábẹ́ rẹ̀, pupa aṣọ ìyàwó kan nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, wọ́n fẹ́ ẹnu sí fáànù náà, ó yí. Wọ́n dè é padà, súkúrù kankan ò ṣẹ́ kù.

Mo nawọ́ láti tàn án, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. “Omi ewé rẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Fi sílẹ̀ kó gbẹ.”

“Àǹtí, ọ̀la ni Délé ń bọ̀.”

“Ọ̀la ò tíì dé.”

Wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, ni wọ́n bá ká ṣájà, wọ́n sọ ọ́ sínú báàgì wọn, wọ́n gbé e lọ sí mọ́sáláásì. Ìgbà tí wọ́n dé ni mo tó tan ẹ̀rọ náà. Mo gbá géèmù fún wákàtí kan, kò kùn, kò gbóná, atẹ́gùn ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́.

Délé dé ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé. “Ojú àwọn wọ̀nyí dà?” ó bi mí. Mo ní kó má wo ojú, kó wo ẹsẹ̀. A bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe, lójú ẹsẹ̀. Délé sì nà mí ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń di ẹ̀bi gbogbo góòlù tí wọ́n bá gbá sí mi lé ẹ̀rọ lórí. Lọ́jọ́ yìí, mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá á tiẹ̀ bá mi gbóná díẹ̀, ó tutù minimini.

Nígbà tí mo sọ fún Baba, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, “Ebu ò ní dúró dè wá.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Mo lọ san gbèsè ẹnu mi ní Ìgbájọ, láti ọjọ́ Àìkú títí di Túsìdeè. Bí mo ṣe ń kọ ebè ni bàbá Délé ń tẹ̀ lé mi, tí wọ́n ń tún un kọ. Awọ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bó. Láti ibẹ̀, mo gba oko Baba lọ tààrà, èrò mi ni pé kí n bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo bá lè ṣe.

Mo bá gbogbo ilẹ̀ náà ní kíkọ. Baba jókòó sábẹ́ igi obì, Àǹtí Mùlíkà sì wà ní ìlà tó kẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ti ká ẹsẹ̀ aṣọ wọn sókè. Nílẹ̀ wa, obìnrin kì í sábà kọ ebè. Ṣùgbọ́n oko yìí ni Àǹtí wà pẹ̀lú Baba ní gbogbo ọdún tí èmi wà ní kíláàsì. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sọ fún mi.

“O ti dé?” wọ́n ní. “Oúnjẹ wà nínú abọ́. Bó o bá jẹun tán, wá bá wa gbin ebu.”

Ó wá yé mi pé ẹni tó mọ nǹkan jù mí lọ ti ń jókòó tì mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí èmi ń lọ béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ fóònù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú oko náà.

“Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo sọ pé kò lè yé yín, èmi ni kò yé.”

“Dìde,” Àǹtí sọ. “O ti dùbúlẹ̀ lé ebè méjì.”

Baba bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi di ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dìde, mo gba ọkọ́. Nínú gbogbo ebè oko bàbá mi lọ́dún náà, méjì péré ni mo kọ, àwọn tí mo fi àyà mi wó ni.